Abẹ́rẹ́ apàrora ọlọ́jọ́ mẹ́ta: Kí ni ìdánwò fi hàn lára àwọn tí wọ́n pààrọ̀ orúnkún fún?

Bí làkúrègbé bá ti jẹ orúnkún èèyàn débi pé oògùn gbígbé mì, ìpara àti ọ̀pá ìtilẹ̀ kò ràn án mọ́, ohun tó sábà máa ń kù fún àwọn dókítà láti ṣe ni pé kí wọ́n la ojú orúnkún náà, kí wọ́n gé ibi tó ti jẹ kúrò lórí eegun, kí wọ́n sì fi irin àti ike tí wọ́n dìídì ṣe fún un rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe tuntun mọ́, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Lórílẹ̀-èdè Britain nìkan, iye àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún lọ́dún kan tó nǹkan bí 100,000, àwọn ọmọ Yorùbá tó ti dàgbà sọ́hùn-ún náà sì wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ mọ́ ló ti tipasẹ̀ rẹ̀ padà máa rìn lọ sọ́jà.

Àmọ́ o, ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá ni yóò lè sọ bí ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe máa ń rí. Awọ ni wọ́n là, ẹran ni wọ́n là, eegun ni wọ́n fi ayùn rẹ́. Nígbà tí oògùn tí wọ́n fi mú ara onítọ̀hún kú lásìkò iṣẹ́ abẹ bá ti ń tán lára rẹ̀, ìrora náà á dé bí àlejò tó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Nítorí wàhálà yìí ni ilé-iṣẹ́ apòògùn kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Pacira, ṣe gbé abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Exparel jáde, tí wọ́n sì polówó rẹ̀ pé ó lè mú ìrora ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ rọlẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí ni bí abẹ́rẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe dán an wò lára àwọn tí wọ́n pààrọ̀ orúnkún fún, àti ìdí tí èsì ìdánwò ńlá tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń retí. Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ orúnkún lọ. Ẹni tó bá lóye rẹ̀ yóò mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi dókítà tàbí apòògùn nígbàkigbà tí wọ́n bá sọ fún un pé oògùn tuntun kan ti dé, tí ó sì dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tí ìrora ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ yìí fi ń kọ àwọn dókítà lóminú. Ìrora náà kì í ṣe ohun tí aláìsàn kàn lè fara dà, kó sì máa wo ọjọ́ tí yóò lọ. Ẹni tí wọ́n bá pààrọ̀ orúnkún fún gbọ́dọ̀ tètè dìde rìn, nílé ìwòsàn púpọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà gan-an tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n máa ń ní kó gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá dùbúlẹ̀ pẹ́ jù, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dídì náà sì lè gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó gbẹ̀mí rẹ̀. Orúnkún tuntun tí wọn kò bá sì tètè máa ká, kí wọ́n máa nà, lè gan pa. Ta ló wá fẹ́ ká ẹsẹ̀ tó ń dùn ún bí ẹni pé wọ́n ń fi iná jó o? Èyí ló fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe rí ìrora mú sí ni iṣẹ́ abẹ náà ṣe máa ń yọrí sí.

Láyé àtijọ́, oògùn tí wọ́n gbójú lé jù ni mọ́fíìnì àti àwọn ẹbí rẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n ń pa ìrora, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú èébì gbé èèyàn, wọ́n ń di ìgbẹ́ mọ́ni nínú, wọ́n ń mú oorun kunni débi tí àgbàlagbà fi lè máa ṣèrànrán, bí wọ́n bá sì pọ̀ jù, wọ́n lè dá mímí dúró. Èyí tó tún burú jù ni pé wọ́n ń di bárakú. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èèyàn tí irú oògùn yìí ti sọ di ẹrú ló jẹ́ pé ìwé tí dókítà kọ fún wọn ni wọ́n fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Àwa náà kò sì ṣàjèjì sí wàhálà yìí, nítorí ìdílé oògùn kan náà ni kodíìnì wà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa sọ oògùn ikọ́ rẹ̀ di ohun mímu títí tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọ̀lú ní oṣù karùn-ún ọdún 2018. Nítorí náà, oògùn yòówù tó bá lè dín mọ́fíìnì kù fún aláìsàn, gbogbo ayé ni yóò tẹ́wọ́ gbà á.

Ọ̀nà kan tí àwọn dókítà ti ń gbà dín in kù láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ojú ibi tí wọ́n là kú, dípò kí wọ́n fún gbogbo ara ní oògùn. Oògùn tí wọ́n sábà ń lò ni bupivacaine. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣe é jáde nílẹ̀ Sweden, ó sì wà nínú àkójọ àwọn oògùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé orílẹ̀-èdè kankan kò gbọdọ̀ ṣaláìní. Bí orúkọ rẹ̀ bá ṣàjèjì sí etí, iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kó tó bímọ, tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ lọ́pàá ẹ̀yìn, tí ìbàdí dé ẹsẹ̀ rẹ̀ wá kú tipiri nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là kedere, bupivacaine ni wọ́n fún un.

Bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le yé. Inú ara wa ní àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó ń gbé ìròyìn ìrora láti ojú egbò lọ sí ọpọlọ, bí ìgbà tí wáyà tẹlifóònù bá ń gbé ọ̀rọ̀. Bupivacaine á dí ọ̀nà tí ìròyìn náà ń gbà kọjá. Egbò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé wákàtí díẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń gbé, ẹ̀jẹ̀ á máa gbá a lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún láàárọ̀ lè máa rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án, kó sì máa ké lóru.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò kàn fi púpọ̀ sí i kó lè pẹ́. Wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí bí bupivacaine bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè fa gìrì, ó sì lè dá ọkàn dúró. Wọ́n tún ti gbìyànjú láti máa gún un sí ẹ̀gbẹ́ iṣan ńlá tó wà níwájú itan, ìrora sì rọlẹ̀ dáadáa, àmọ́ iṣan kan náà ló ń fún itan lágbára. Ẹsẹ̀ aláìsàn á rọ, bó bá sì fẹ́ dìde, ó lè ṣubú lu orúnkún tuntun náà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ dókítà fi yàn láti máa gún abẹ́rẹ́ náà káàkiri inú ẹran tó yí orúnkún ká kí wọ́n tó rán ojú egbò pa. Ó ń dín ìrora kù, kì í sì í gba agbára ẹsẹ̀. Ohun tó kù tí wọ́n ń wá ni bí yóò ṣe pẹ́.

Ibi tí ọgbọ́n Exparel ti wọlé nìyí. Bupivacaine kan náà ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe oògùn mìíràn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọ́n dì í sínú àwọn àpò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Alec Bangham, tó ṣiṣẹ́ ní Babraham nítòsí Cambridge, ló ṣàwárí irú àpò ọ̀rá bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1965. Ti Exparel dà bí afárá oyin, yàrá kéékèèké ló pọ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan, oògùn sì wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti gún un sínú ẹran, àwọn ògiri ọ̀rá náà á máa yọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, oògùn á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, dípò kí gbogbo rẹ̀ ya jáde lẹ́ẹ̀kan. Ìgò rẹ̀ tó tóbi jù gba mílílítà 20, oògùn tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ mílígíráàmù 266. Nígbà tí bupivacaine lásán mọ́ bí omi, èyí funfun bíi wàrà.

Ìrònú náà dára lórí ìwé, kò sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ́gbọ́n dání. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà bí NAFDAC ṣe jẹ́ nílẹ̀ wa, fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á. Ìdánwò méjì pàtàkì ni wọ́n wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọ̀kan jẹ́ lára àwọn tí wọ́n gé eegun tó yọ gọngọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn, èkejì sì jẹ́ lára àwọn tí wọ́n gé jẹ̀díjẹ̀dí fún. Nínú ìdánwò méjèèjì, àwọn tó gba Exparel jẹ̀rora kéré ju àwọn tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn kankan nínú lọ.

Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa dúró díẹ̀ níbi gbólóhùn tó parí yẹn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ sí. Abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú ni wọ́n fi Exparel wé. Bí oníṣòwò kan bá gbé fìtílà tuntun dé ọjà, tó tàn án nínú òkùnkùn biribiri, tó wá ní ẹ wò ó bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, kò purọ́, fìtílà rẹ̀ tànmọ́lẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní fìtílà nílé, tó ń ra epo sí i ní owó pọ́ọ́kú, kò bi í bóyá fìtílà rẹ̀ dára ju òkùnkùn lọ. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó mọ́lẹ̀ ju ti ilé òun lọ, àti bóyá ìmọ́lẹ̀ tó fi jù ú náà tó owó tí wọ́n ń béèrè. Àwọn àgbà wa ní ká fi ọ̀ràn wé ọ̀ràn, ká fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Aláìsàn tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ orúnkún fún ti ní bupivacaine lásán tẹ́lẹ̀, òun ni ó sì yẹ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tuntun wé.

Owó ibẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìgò ńlá Exparel kan lé ní 300 dọ́là, nígbà tí ìwọ̀n bupivacaine lásán tí wọ́n nílò fún orúnkún kan kò ju dọ́là mélòó kan lọ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ilé ìwòsàn tó ń pààrọ̀ orúnkún fún ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ́dún, ẹ ó rí i pé owó tí wọ́n lè fi gba nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn ni.

Àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìfiwéra tó yẹ náà fúnra wọn. Ní ọdún 2015, èsì ìdánwò kan jáde nílẹ̀ Amẹ́ríkà lára àwọn 111 tí wọ́n pààrọ̀ orúnkún fún, tí wọ́n fún àwọn kan ní Exparel, tí wọ́n sì fún àwọn yòókù ní bupivacaine lásán. Wọn kò rí ìyàtọ̀ nínú ìrora wọn. Nígbà tó di ọdún 2017, ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa kó èsì ìdánwò oríṣiríṣi jọ kí wọ́n lè gbé wọn wò papọ̀, yẹ ìdánwò mẹ́sàn-án wò, tí àwọn èèyàn tó wà nínú wọn jẹ́ 1,377. Ohun tí wọ́n sọ ni pé Exparel ń dín ìrora kù bí wọ́n bá fi wé abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn, àmọ́ ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò fi hàn pé ó dára ju bupivacaine lásán lọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Pacira gbé èsì tiwọn náà jáde. Ìdánwò tí wọ́n pè ní PILLAR ni, lára nǹkan bí 140 èèyàn tí wọ́n pààrọ̀ orúnkún fún. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ náà pẹ̀lú ìlànà tó le koko, wọ́n là á mọ́lẹ̀ ibi tí abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dé nínú ẹran àti iye ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gún un. Wọ́n ní àwọn tó gba Exparel pẹ̀lú bupivacaine lo oògùn ìdílé mọ́fíìnì kéré ju àwọn tó gba bupivacaine nìkan lọ, ó fi ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún dín, láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ìròyìn ayọ̀ ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n èèyàn tó kópa nínú rẹ̀ kò pọ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń ta oògùn náà ló sì sanwó ìdánwò. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé Pacira parọ́, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ó yẹ kí ẹlòmíràn tún un ṣe.

Ìdánwò tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wá ṣe iṣẹ́ yìí. SPAARK ni wọ́n pè é, ilé ìwòsàn 11 tó wà lábẹ́ ètò ìlera ìjọba, NHS, ló sì kópa nínú rẹ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 2018 títí di oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n gba èèyàn 533 wọlé, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 69, obìnrin sì lé díẹ̀ ní ìlàjì wọn. Kì í ṣe dókítà ló yan ẹni tí yóò gba oògùn tuntun, bẹ́ẹ̀ ni aláìsàn kọ́ ló yàn fún ara rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n pín wọn bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ kèké, kí ó má baà jẹ́ pé àwọn tí ara wọn le ni yóò pọ̀ sí apá kan. Apá kan gba mílígíráàmù 266 Exparel tí wọ́n pò mọ́ mílígíráàmù 100 bupivacaine lásán, apá kejì gba mílígíráàmù 100 bupivacaine náà nìkan. Aláìsàn kò mọ èyí tí wọ́n fún òun, nítorí ẹni tó bá mọ̀ pé oògùn olówó ńlá ni wọ́n gún sí òun lára lè tètè sọ pé ara ti ń tu òun.

Ohun méjì ni wọ́n fi ṣòṣùwọ̀n. Èkínní, wọ́n ní kí aláìsàn máa sọ bí ìrora rẹ̀ ṣe pọ̀ tó láti wákàtí kẹfà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ títí di wákàtí kejìléláàádọ́rin, èyí tó jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta gbáko, wọ́n sì ro gbogbo rẹ̀ papọ̀. Èkejì ló tún jinlẹ̀ jù, ìbéèrè 40 ni wọ́n bi aláìsàn lọ́jọ́ kẹta. Ṣé ó ń sùn dáadáa? Ṣé ó lè wẹ ara rẹ̀? Ṣé èébì ń gbé e? Ṣé ọkàn rẹ̀ balẹ̀? Ṣé ó rí ẹni ràn án lọ́wọ́? Máàkì tó kéré jù tí èèyàn lè gbà nínú ìbéèrè wọ̀nyí jẹ́ 40, èyí tó pọ̀ jù sì jẹ́ 200. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ìrora nìkan ni aláìsàn fi ń mọ̀ pé ara òun ti ń yá.

Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn JAMA Surgery lọ́dún 2022, ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá méjèèjì nínú ìbéèrè 40 náà kò ju 0.54 lọ. Nínú máàkì 200, kò tó máàkì kan odidi. Ní ti ìrora ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n rò papọ̀, ti àwọn tó gba Exparel fi díẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò kéré débi tí èèyàn fi lè fọwọ́ sọ̀yà pé oògùn náà ló fà á, kì í ṣe orí-ire lásán. Àwọn tó ṣe ìdánwò náà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: oògùn tuntun náà kò mú kí ara àwọn tí wọ́n pààrọ̀ orúnkún fún tètè yá, kò sì dín ìrora wọn kù ju bí bupivacaine lásán ṣe ń ṣe lọ.

Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé oògùn tó yẹ kó lo ọjọ́ mẹ́ta kò ṣe ju èyí tó ń lo wákàtí díẹ̀? Àlàyé mélòó kan wà tó bọ́gbọ́n mu. Èkínní, àwọn àpò ọ̀rá náà kì í tàn káàkiri inú ẹran bí oògùn tó jẹ́ omi lásán. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá fi wọ́n sí ni wọ́n máa ń dúró sí, orúnkún sì tóbi, iṣan tó ń gbé ìrora níbẹ̀ pọ̀. Bí dókítà bá fi ibì kan sílẹ̀, ibẹ̀ á máa ké. Èkejì, oògùn tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ lè máà pọ̀ tó láti dí ọ̀nà ìrora nígbà tí ìrora náà bá wà lójú gbóná. Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá fi oògùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní lidocaine síbì kan náà láì jẹ́ kó tó 20 ìṣẹ́jú kí wọ́n tó gún Exparel, ó lè jẹ́ kí àwọn àpò náà tú oògùn inú wọn jáde kíákíá, gbogbo ọgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta á sì di òfo.

Ẹ̀kẹrin ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù. Aláìsàn òde òní kì í gba oògùn ìrora kan ṣoṣo. Wọ́n ń fún un ní parasítámọ̀, wọ́n ń fún un ní àwọn oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, wọ́n ń gún un lọ́pàá ẹ̀yìn, wọ́n ń fi yìnyín sí orúnkún rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e dìde kó rìn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nígbà tí gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí bá ti ń ṣiṣẹ́ papọ̀, àyè tó ṣẹ́ kù fún oògùn tuntun láti fi agbára rẹ̀ hàn kò fẹ̀ mọ́. Ìdánwò tí wọ́n bá ṣe láàárín àwọn tí kò rí nǹkan kan gbà yàtọ̀ gédégédé sí èyí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa.

Kì í ṣe inú ìwé ìmọ̀ nìkan ni àríyànjiyàn yìí parí sí, ó dé ilé ẹjọ́. FDA ti kọ́kọ́ kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí Pacira ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 lórí bí wọ́n ṣe ń polówó ọjà wọn. Ilé-iṣẹ́ náà pe FDA lẹ́jọ́ ní 2015, wọ́n yanjú rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí kí ọdún náà tó parí, FDA sì gba lẹ́tà rẹ̀ padà. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìwé ìmọ̀ ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kun aláìsàn lóorun nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Anesthesiology, gbé àwọn àyẹ̀wò jáde tó sọ pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò fi hàn pé Exparel dára ju oògùn lásán lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Pacira gbé ẹgbẹ́ ọ̀hún lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní wọ́n ba ọjà àwọn jẹ́. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní New Jersey da ẹjọ́ náà nù ní 2022, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fara mọ́ ìdájọ́ yẹn ní 2023. Ohun tí wọ́n sọ ni pé èrò tí onímọ̀ bá ti inú ìdánwò mú jáde, tó sì ṣàlàyé ọ̀nà tó gbà ṣe é, àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó jà á níyàn nínú ìwé ìmọ̀, kì í ṣe adájọ́.

Ká má sì ṣe ojúsàájú, ìtàn náà kò tíì parí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, FDA fàyè gbà á kí wọ́n máa gún Exparel sí ẹ̀gbẹ́ iṣan kan tó gba inú itan kọjá, èyí tó ń gbé ìrora orúnkún láì gba agbára ẹsẹ̀ púpọ̀, àti sí ẹ̀gbẹ́ iṣan mìíràn tó wà lẹ́yìn orúnkún. Lọ́tẹ̀ yìí, bupivacaine lásán ni wọ́n fi wé nínú àwọn ìdánwò tí ilé-iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀, wọ́n sì ní àwọn rí ìyàtọ̀. Ọ̀nà yìí yàtọ̀ sí gígún un yí orúnkún ká bí wọ́n ṣe ṣe é nínú SPAARK, nítorí náà, ọ̀kan kò fagi lé èkejì. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni pé kí àwọn tí kò ní èrè kankan nínú ọjà náà dán èyí pẹ̀lú wò, bí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe dán ti àkọ́kọ́ wò.

Ẹ lè ní kí ló kan tiwa nínú ìjà àwọn olówó. Ó kàn wá gan-an. Bí ìlera wa ṣe rí, owó àpò ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà fi ń tọ́jú ara rẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ iṣẹ́ abẹ tó tóbi tó. Ẹbí ni yóò dáwó jọ, ọmọ tó wà lókè òkun ni yóò fi dọ́là ránṣẹ́. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún irú ẹbí bẹ́ẹ̀ pé abẹ́rẹ́ kan wà tó gbówó lórí tí kò ní í jẹ́ kí ìyá wọn jẹ̀rora fún ọjọ́ mẹ́ta, ta ni kò ní yá owó rà á? Ẹni tó mọ èsì ìdánwò ni yóò lè sọ pé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí i pé parasítámọ̀ ìyá wa kò já ní wákàtí tó yẹ, pé ẹni tí yóò gbé wọn rìn wà níbẹ̀, pé bupivacaine tí kò wọ́n náà wà nílẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, kí ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó gún un sí sì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá gbọ́ pé oògùn tuntun kan ti dé, ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ mú lọ́wọ́ lọ bá dókítà yín, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n. Kí ni wọ́n fi oògùn náà wé nígbà tí wọ́n ń dán an wò, ṣé omi lásán ni àbí oògùn tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀? Ta ló sanwó ìdánwò náà, ṣé ẹlòmíràn sì ti tún un ṣe? Ìyàtọ̀ tí wọ́n rí ńkọ́, ṣé èyí tí aláìsàn lè mọ̀ lára rẹ̀ ni, àbí èyí tí ìṣirò nìkan lè rí? Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn 533 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dáhùn ìbéèrè 40 lórí ibùsùn ìrora, ló jẹ́ kí ìdáhùn wà fún un lẹ́nu.